Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Iṣẹ́ Àánú Ni Oúnjẹ Ìgbàgbọ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wọn kì í sì í pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ, síbẹ̀ tí wọ́n ń ráhùn pé ọkàn àwọn gbẹ, pé ìgbàgbọ́ àwọn kò kúrò lójú kan. Wọ́n a máa béèrè pé, Kí ni ó kù tí a kò ṣe? Lójú tiwa, ohun tí ó kù nínú ilé púpọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ fún aláìní: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wa ṣe, tí a kò sì ní gba owó lé lórí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìgbàgbọ́ ni yóò kọ́kọ́ dàgbà, kí iṣẹ́ àánú tó tẹ̀lé e. A ń wí pé, Bí ọkàn mi bá gbóná tán, èmi yóò lọ bẹ aláìsàn wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ní kí ẹsẹ̀ òun kọ́kọ́ le kí òun tó rìn kì yóò rìn láé. Nínú ìrìn ni ẹsẹ̀ ti ń le. Nínú òwe Olúwa wa nípa ará Samáríà, ní Lúùkù orí 10, àlùfáà àti ọmọ Léfì kò ṣe aláìmọ òfin. Síbẹ̀, ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹranko rẹ̀, tí ó di ọgbẹ́, tí ó sì san owó ilé èrò, ni Olúwa fi ṣe àpẹẹrẹ fún amòfin.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ wa. Ní 1853 ni Àlùfáà David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ wá gbé ní Ìbàdàn. Ní Kúdẹtì, Anna gba àwọn ọmọdé sí ọ̀dọ̀, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó àti ẹrù kò sì rí ọ̀nà wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní wọn, kí àwọn ọmọ náà má bàa sùn lébi. Ó di 1865 kí a tó rí ọ̀nà mú Anna, tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, jáde lọ sí Èkó. Nígbà tí tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Daniel Olúbì, ẹni tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó dúró ti ìjọ. Ẹ kò ha rí i pé ilé tí a ti ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ìyàn jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ bí?

Ẹlòmíràn yóò wí pé, Mo ti ṣe oore rí, ẹni tí mo ṣe é fún kò tilẹ̀ dúpẹ́. Àwọn àgbà ti dáhùn: bí a bá ṣoore tán, tí a bá lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ní Mátíù orí 25, ẹnu ya àwọn olódodo nígbà tí Ọba wí fún wọn pé Òun ni wọ́n bọ́, tí wọ́n sì bẹ̀ wò. Wọn kò ka iye oore wọn. Ẹni tí ó ń ṣe é lọ láìsí ọpẹ́ ni ó ń mọ̀ bóyá nítorí Olúwa ni òun fi ń ṣe é, tàbí nítorí ìyìn ènìyàn.

Nítorí náà, kí ilé kọ̀ọ̀kan wá ẹnì kan: opó kan, àgbàlagbà tí ó dá gbé, tàbí aláìsàn tí kò ní ẹbí nítòsí. Kí ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Kí ìyá bu ọbẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀. Kí bàbá tún ilẹ̀kùn tí ó yẹ̀ ṣe. Kí ọmọ pọn omi, kí ó sì bá ẹni tí kò mọ̀wé ka lẹ́tà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fẹ́, ẹ má ṣe pàṣẹ fún un nínú ilé rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ má ṣe gbé e dé ọjà tàbí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Ebi kì í mú ìtìjú kúrò lára ènìyàn.

Bí ẹ bá padà dé, tí ẹ kúnlẹ̀ lálẹ́, ẹ ó rí i pé àdúrà yín ti yí padà. Ẹ kò ní wí mọ́ pé, Olúwa, rántí gbogbo aláìní, kí ẹ sì lọ sùn. Ẹ ó dárúkọ ẹnì kan tí ẹ mọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ẹ ó bèèrè sùúrù, nítorí ẹ ti rí i pé tiyín kò tó. Ẹ ó sì máa retí ìdáhùn, nítorí ẹ ó tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ṣe ń dàgbà.

Kí Olúwa kí ó fi okun fún wa. Àmín.