Ìdánwò etí tí kò gbọ́ Yorùbá

Ẹ jókòó díẹ̀. Inú ń bí mi, ọ̀rọ̀ yìí á sì gùn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Mọ́mì Peckham, ṣe iṣẹ́ abẹ cochlear implant ní London. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: wáyà tín-ín-rín ni wọ́n ń tì bọ inú etí. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn etí á gba ohùn, á sọ ọ́ di iná, iná yẹn ló máa ta iṣan etí jí. Kì í ṣe hearing aid tó kàn ń mú ariwo pọ̀ sí i o.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn oníṣègùn dán etí Mọ́mì wò. Máàkì ga. Inú gbogbo wọn dùn. Mo wá pe Mọ́mì lórí fóònù, mo ń sọ Yorùbá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, òyìnbó nìkan ni mò ń gbọ́ báyìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ní Britain, ìdánwò tí ìlànà NICE ti 2019 fi ń mọ àgbàlagbà tí implant tọ́ sí ni ti Arthur Boothroyd. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké ni, 10 lórí ìwé kan: kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ́lì, kọ́ńsónáǹtì. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni, nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún mi tó fi kọ́ńsónáǹtì parí. Mò ń dúró. (N inú "ikún" kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì, ẹ má bẹ̀rẹ̀.)

Ó tún kù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni implant ti kù díẹ̀ káàtó. Elektrọ́ọ̀dù bíi 12 sí 22 ló wà lára wáyà yẹn. Bí ariwo ṣe ń le tó ń rọ̀, ó ń gbé ìyẹn dáadáa. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn, èyí tí dùndún fi ń sọ̀rọ̀, kì í dé bó ṣe yẹ. Gẹ̀ẹ́sì lè fara dà á. Èèyàn lè gba 90 nínú ìdánwò wọn kó má mọ̀ bóyá ọkọ lẹ pè ni àbí ọkọ̀.

Mo mọ ẹni tó fẹ́ fèsì: "Ṣebí a máa ń kọ Yorùbá láìfàmì sí lórí WhatsApp, ó sì ń yé wa?" Òótọ́ ni, ìyókù gbólóhùn ń gbani. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ńkọ́? Oríkì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ ju sí yín láti yàrá kejì?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìlànà NICE kan náà sọ pé bí kò bá ṣeé ṣe láti fi èdè tó yọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́nu dán an wò, kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á ní Mọ́mì ṣáà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbọ́ ọ, jàre. Wọn ò fi gbàdúrà rí. Àwọn tó ń sọ Mandarin àti Cantonese, tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà fún bíi tiwa, ti ní ìdánwò tiwọn.

Mi ò sọ pé implant ò dáa o. Máàkì yẹn ni mò ń bá jà.

Mo ti gba ohùn ara mi sílẹ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, ìgbà 20, mi ò tò wọ́n. Sunday ni màá ṣe é fún Mọ́mì. Ẹ̀yin tó ń ka audiology, ẹ̀yin linguist, ẹ̀yin tí òbí yín ń lo implant, DM mi ṣí sílẹ̀.