Rédíò Ìlú Ló Yẹ Wá, Kì í Ṣe Rédíò Ẹ̀sìn

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwa oníṣẹ̀ṣe nígbàkígbà tí a bá péjọ: kí ló dé tí a kò ní rédíò tiwa? Ìdáhùn òfin kò gùn. Ìjọba ológun Ibrahim Babangida ló gbé òfin kejìdínlógójì ti ọdún 1992 jáde, òun ló sì dá NBC sílẹ̀, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà. Abala kẹwàá òfin náà sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé àjọ yìí kò gbọdọ̀ fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìwé àṣẹ. Bí kò ṣe gbà fún Àgùdà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà fún Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà fún ilé Ifá, ilé Ọ̀ṣun àti ilé Ṣàngó.

Èmi kò bá àwọn tó ń bú òfin yìí kẹ́gbẹ́. Ẹjọ́ kì í ṣe tara ẹni kí a má mọ̀ ọ́n dá. Bí ìjọba bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ lónìí, àwọn wo ni yóò kọ́kọ́ wọlé? Kì í ṣe ilé Ifá tó ṣì ń dáwó páànù. Àwọn ìjọ tó ti kọ́ yunifásítì, tí wọ́n ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, ni yóò gba ìkànnì tán kí àwa tó ka fọ́ọ̀mù dé ìdajì. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2000 ni àjọ FCC tibẹ̀ dá ìwé àṣẹ kan sílẹ̀ fún àwọn rédíò kéékèèké tí agbára wọn kò ju 100 wáàtì lọ, tí ohùn wọn sì ń dé nǹkan bí kìlómítà 5 tàbí 6. Òfin wọn kò dí ẹlẹ́sìn lọ́nà, àwọn ìjọ Krístẹ́nì ló sì ni púpọ̀ nínú àwọn rédíò náà. N kò dá wọn lẹ́bi. Mo kàn ń sọ ibi tí omi máa ń ṣàn sí ni.

Àwọn mìíràn nínú wa ń sọ pé afẹ́fẹ́ Olódùmarè ni, pé kò yẹ kí ìjọba kankan dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá ìṣe àwọn baba wa mu. Ta ni í lu agogo akéde nínú ìlú ọlọ́ba láìjẹ́ pé ààfin ló rán an? Akéde tó bá gbé ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ dé oríta yóò rí ìjà ìlú. Àṣẹ ló ń sọ ohùn ẹnì kan di ohùn gbogbo ilé. Òtítọ́ ni pé àwọn àgbà sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti rédíò kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti 87.5 dé 108 ni gbogbo àyè tí FM ní. Bí ibùdó méjì tí kò jìnnà síra bá dúró sójú kan náà, ariwo ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Ẹnì kan ní láti pín in.

Ewu ọ̀rọ̀ ẹnu tún wà níbẹ̀. Ní Rwanda, rédíò kan tí wọ́n ń pè ní RTLM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1993. Nígbà tó fi máa di 1994, òun ló ń ru ọmọ ìlú kan sí èkejì tí wọ́n fi ń pa ara wọn nípakúpa. Àwa tí a ń gbé Òkè-Ògùn, níbi tí àgbẹ̀ àti darandaran ti ń forí gbárí lórí oko àti omi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa ṣàlàyé fún wa ohun tí ọ̀rọ̀ òjijì kan láti ẹnu ẹni tí kò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ lè dá sílẹ̀. Òfin 1992 sọ pé ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun kò ní fi ibùdó òun tàbùkù ẹ̀sìn ẹlòmíràn, òun kò sì ní fi gbin ìkórìíra. Mo fara mọ́ ọn.

Ibi tí èmi àti ìjọba ti ní gbólóhùn asọ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ìlú kékeré. Abala 39 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù lómìnira láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé, yàtọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ nìkan ló lè dá rédíò sílẹ̀. Nítorí náà, bí ará Ìgbẹ́tì bá fẹ́ rédíò kan tí ohùn rẹ̀ lè má dé Ìgbòho, ìwé wọn yóò lọ sí ọ̀dọ̀ NBC, yóò gba ọwọ́ mínísítà ètò ìròyìn kọjá, yóò sì dúró de Ààrẹ ní Aso Rock. Ẹni tó fẹ́ dá rédíò tí gbogbo Èkó yóò máa gbọ́ sílẹ̀ náà, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn erin àti òkété.

Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó. Yunifásítì Èkó gba ìwé àṣẹ rédíò tirẹ̀ ní 2002, ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí rédíò ìlú 17 àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Láti 1992 sí 2015, ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni. Ẹ̀rù ló fà á. Àwọn tó wà nípò kò gbàgbé Radio Kudirat, tó ń ti òkèèrè bá ìjọba Abacha fà á ní 1996, wọ́n sì ń rò pé bí a bá fi ẹ̀rọ lé ará oko lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìjọba ni yóò kọ́kọ́ fi sọ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Lódìkejì ibodè, àwọn ará wa kò dúró tó bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1994 ni wọ́n ti gbé rédíò kékeré kalẹ̀ sí Ouèssè, lókè Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, nínú ètò tó fún àwọn ìgbèríko mélòó kan ní rédíò tiwọn. Òfin tó tú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ pátápátá lọ́hùn-ún jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ìdáìṣà ní Ilèma, Kétu sì ní Alakétou. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò tóbi ju àwọn ìlú Òkè-Ògùn lọ lọ́nà tó lè dẹ́rù bani, bẹ́ẹ̀ ni Benin kò lówó tó Nàìjíríà. Wọ́n ní àjọ alákòóso tiwọn, HAAC, òun náà a sì máa ti ilé iṣẹ́ ìròyìn pa nígbà mìíràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀run ni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ìlú kékeré náà ní ohùn.

Owó tún ń bẹ. Ọdún márùn-ún péré ni ìwé àṣẹ ń lò kí a tó tún un gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, NBC kéde pé òun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ibùdó 52 nítorí gbèsè tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 2.66 náírà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí gbogbo wa mọ̀ sì wà lára wọn, títí kan AIT àti Silverbird. Bí àgbò bá ń ṣubú lábẹ́ ẹrù, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ewúrẹ́? Ìtanràn náà ń bẹ: ní 2019, ibùdó 45 ni wọ́n ní kí ó san 500,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Àbújá dá a lẹ́jọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé NBC kì í ṣe ilé ẹjọ́, kò sì lágbára láti bu ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Ó dára. Àmọ́ rédíò tí owó àtìlẹ́yìn rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá ni ì bá ti kógbá wọlé kí ẹjọ́ náà tó parí.

Ohun tí èyí ń bí ni pé àwọn rédíò olówó ló ń sọ̀rọ̀ fún wa. Àkókò orí afẹ́fẹ́ di ọjà títà: sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a ra wákàtí kan, a tún un tà fún ẹni tó lówó. Ìlànà iṣẹ́ tí NBC kọ sílẹ̀ sọ pé kí ibùdó fún gbogbo ẹ̀sìn tó wà ní agbègbè rẹ̀ ní àǹfààní tó bá ara mu. Ẹ wáá gbọ́ rédíò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ẹ tún gbọ́ ọ ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi ọjọ́ tí ó jẹ́ ti ìṣẹ̀ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ mọ̀ sí tiwa lórí afẹ́fẹ́ ni ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, èyí tí NAFDAC tilẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó jáde. Ìgbà kan wà tí Ifáyẹmí Ẹlẹ́buìbọn ń ṣe Ifá Olókun Asọ̀rọ̀dayọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí Mùsùlùmí àti Krístẹ́nì ń jókòó wò ó. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù rẹ̀.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé rédíò ìlú ni kí a bá ìlú wá. Òfin kò gbà kí ìwé àṣẹ rédíò ìlú jẹ́ ti èrè, ìlú náà ló sì gbọ́dọ̀ ni ín. Ṣé ìṣẹ̀ṣe kì í ṣe ti ìlú ni? Nígbà tí egúngún bá fẹ́ jáde, ará ìlú ló ń fẹ́ mọ ọ̀nà tí yóò gbà, àti ẹni tó ń sìn ín àti ẹni tí kò sìn ín. Ní Ìgbẹ́tì, rédíò kékeré yóò sọ iye tí iṣu ń lọ lọ́jà láàárọ̀, yóò kìlọ̀ nígbà tí iná ọyẹ́ bá ń jó ìgbẹ́ bọ̀, yóò sọ fún àwọn tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta mábù ohun tó kàn wọ́n. Fúlàní tó ń da ẹran yóò gbọ́ èdè tirẹ̀ níbẹ̀, Bàrùbá náà yóò gbọ́ tirẹ̀, kí ìjà tó dé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé àpótí rédíò olókùn wá sí Ìbàdàn ní 1939, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ ọ́, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Púpọ̀ nínú rédíò tí a ń gbọ́ ní Òkè-Ògùn lónìí kò tíì kúrò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìròyìn Ìbàdàn àti Àbújá dé ọ̀dọ̀ wa. Èsì wa kò padà sí ibì kankan.

Ọ̀rọ̀ òpó rédíò tún wà, èyí tí n kò fẹ́ kí a fi falẹ̀. Ohùn FM a máa rìn gbọọrọ ni, òkè a sì máa dí i lọ́nà. Ibùdó tí agbára rẹ̀ kéré á sì máa wá ibi gíga, kí ohùn rẹ̀ lè jìnnà. Ta ni kò mọ ibi gíga tó wà ní Ìgbẹ́tì? Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá yóò gbójú sókè, yóò sì nàka sí Òkè Ìyá Màpó. Wọ́n ń gba ìwé ìyọ̀ǹda lórí gíga òpó nítorí ọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n ìlú ni yóò sọ ti Ìyá Màpó, tó jẹ́ òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, kí ẹnikẹ́ni tó gbé irin àti sìmẹ́ńtì gun òkè. Bí àwọn tó ń bọ ọ́ kò bá sí nínú ìgbìmọ̀ rédíò láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ti gbẹ́ ihò tán ni wọn yóò gbọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yóò ní WhatsApp àti YouTube wà, kí la tún ń wá lọ sí Àbújá? Ìyá àgbà tó wà lóko, tí rédíò oníbátìrì rẹ̀ so mọ́ ẹ̀ka igi, kì í ra dátà. Àwọn kan á sì ní kí a kàn gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láì gba àṣẹ, pé ta ni yóò mọ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, wọn yóò sì gbé ẹ̀rọ náà lọ, orúkọ wa ni yóò sì bàjẹ́ mọ́ ọn.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aṣòfin wa ní Àbújá fún ni kí wọ́n tún òfin ṣe, kí ìwé àṣẹ rédíò ìlú tí agbára rẹ̀ kéré lè parí sí ọ́fíìsì NBC ní Ìbàdàn, kí wọ́n dá ọjọ́ tí èsì gbọ́dọ̀ jáde, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹgbẹ́ alájọ lè dá. Ní tiwa, kí a tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ jókòó pẹ̀lú ààfin, pẹ̀lú ìyálọ́jà, pẹ̀lú ìmáàmù, pẹ̀lú àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti olórí àwọn Fúlàní. Kí a jọ mọ orúkọ tí a ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ilẹ̀ tí òpó yóò dúró sí, àti ẹni tí yóò máa ra bátìrì sólà nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá kú.