Bébà Róbótó Kì í Ṣe Eré Ọmọdé Lásán

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí àwọn kan. Ọ̀rọ̀ bébà ni: bébà tí a fi irin gé róbótó-róbótó, tí a ṣẹ́po, tí a lẹ̀ pọ̀, tí ó di òdòdó, tí ó di bọ́ọ̀lù, tí ó di ohun ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kọ́ ara ògiri. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ó yẹ kí Ẹgbẹ́ wa sọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí di ohun èlò ìkọ́ni ní èdè Yorùbá fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irin náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó rí bí òrùka ńlá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kan mú bí abẹ. Wọ́n á tẹ́ bébà sórí pátákó kan, wọ́n á fi ẹnu mímú irin náà lé bébà, wọ́n á gbé pátákó mìíràn lé e lórí, wọ́n á wá ti gbogbo rẹ̀ bọ àárín irin gbọọrọ méjì tí ń yí. Bí wọ́n bá ti yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà kọjá, bébà ti gé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí àwọn olùkọ́ iléèwé ni iléeṣẹ́ Ellison ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1977, kí wọ́n lè máa rí lẹ́tà àti àwòrán gé fún kíláàsì wọn. Ó di 2001 kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kékeré Sizzix jáde fún àwọn tí ń ṣe káàdì nínú ilé. Kíláàsì ni iṣẹ́ yìí ti bá ọ̀nà lọ sí yàrá àlejò. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwa dá a padà sí kíláàsì.

Ẹnìkan á ní, “Kí ni sísọ́ọ̀sì ṣe tí a ó fi máa wá irin kiri?” Ìbéèrè gidi ni. Bí ó bá ṣe òdòdó kan tàbí méjì ni a fẹ́ ṣe, sísọ́ọ̀sì tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ọ̀lù bébà. Ogún bébà róbótó ni a fi ń ṣe ọ̀kan. A ó ṣẹ́ etí bébà kọ̀ọ̀kan wọ inú lẹ́ẹ̀mẹta, kí etí kọ̀ọ̀kan kan àárín gbùngbùn gan-an, yóò sì di onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. A ó wá na etí náà sókè, torí òun ni a ó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ etí ẹnìkejì rẹ̀. A ó lẹ márùn-ún pọ̀ kí ṣóńṣó wọn pàdé. Ìyẹn di fìlà. A ó lẹ márùn-ún mìíràn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn di ìdí. A ó to mẹ́wàá yòókù, ọ̀kan kọjú sókè, èkejì kọjú sísàlẹ̀, a ó fi wọ́n ṣe ìgbànú yí àárín ká. Bí àwọn bébà náà kò bá dọ́gba, bọ́ọ̀lù kò ní í pàdé. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè fi sísọ́ọ̀sì gé ogún tí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n irin kan ṣoṣo lè ṣe é. Bí irin náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, bébà A4 kan tí a tò dáadáa, mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní òró, á mú ogún jáde gẹ́lẹ́. Bébà kan, bọ́ọ̀lù kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìyí. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè ka oǹkà Yorùbá kọjá ẹ̀wá mọ́. Wọ́n ní ó le. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù ológún yìí lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó máa yọ onígun mẹ́ta kúrò lára fìlà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ọ̀kan: ó ku ọ̀kàndínlógún. Ó yọ èkejì: ó ku èjìdínlógún. Ẹ̀tàdínlógún, ẹ̀rìndínlógún. Nígbà tí ó bá yọ ẹ̀karùn-ún, fìlà tán, ó ku ẹ́ẹ̀dógún. Orúkọ tí ó ń pè ni iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Oǹkà tí ó dà bí àlọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ojú rí. Báwo ni ọmọ náà yóò ṣe tún ní ó le?

Bákan náà ni ìdá. Ṣẹ́ bébà róbótó po lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ni. Tún un ṣẹ́, ìdámẹ́rin. Tún un ṣẹ́, ìdámẹ́jọ. Ọmọ tí ó ti ń rò pé ìdámẹ́jọ ju ìdámẹ́rin lọ, nítorí pé ẹ̀jọ ju ẹ̀rin lọ, á fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́.

Kò sí ohun tuntun nínú pé a lè fi Yorùbá kọ́ ìṣirò. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n fagi lé e ní 2025. Mínísítà fún ẹ̀kọ́ ní àwọn ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Bí a bá jókòó, tí a kàn ń bínú, kò ní í yí nǹkan kan padà. Ohun tí ó lè dá ọ̀rọ̀ náà lóhùn ni kí ọmọ mọ ìṣirò ní Yorùbá, kí gbogbo ayé sì rí i.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gígé bébà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí adìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ń gé àwòrán sára páànù, àwọn aládìrẹ á sì fi ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe adìrẹ Olọ́ba, ìrántí ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún pé lórí oyè ní 1935. Kí a gé ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi ṣe ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn baba wa mọ̀ dunjú ni.

Ní ti owó, a kò nílò ẹ̀rọ òkèèrè. Àwọn tí ń ṣe bàtà ní irin róbótó ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n ń fi òòlù lù láti fi lu awọ. Kí a gbé páìpù irin tí ó fẹ̀ tó ìwọ̀n tí a ń fẹ́ lọ bá alágbẹ̀dẹ, kí ó gé e kúrú, kí ó sì pọ́n ẹnu rẹ̀ kan. Bí a bá gbé e lé bébà lórí ìtì igi, tí a fi òòlù lù ú, á gé bébà mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbà ni kí ó máa lu irin. Ọmọdé ni kí ó máa ṣẹ́, kí ó máa lẹ̀. Bébà ńkọ́? Ẹ wo ìwé ìpolówó ìdìbò tí ó kún ara ògiri ọgbà wa lọ́dọọdún.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ wa ṣe irin mẹ́ta, kí á yan iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí, kí á máa lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa yẹ ọ̀rọ̀ ìṣirò tí a ó máa lò wò, kí a má baà kọ́ ọmọ ní àṣìṣe. Owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọjọ́ Àṣà nìkan tó ṣe èyí, á sì ṣẹ́kù. Èmi ti wí tèmi; ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin.