Ẹni Tí Yóò Gbìn ín Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Mọ̀ ọ́n

Ní ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí irúgbìn ẹ̀wà tuntun kan, SAMPEA 20-T, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ní Zaria. Jíìnì tí wọ́n mú láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ ni wọ́n fi sínú rẹ̀, kí kòkòrò Maruca tí ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà má baà rí i bàjẹ́.

Àgbẹ̀ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ̀rọ̀ ni yóò pinnu bóyá òun yóò gbìn ín. Èdè wo ni a fi ṣàlàyé fún un? Ẹni tí kò gbọ́ òótọ́ yóò gba àhesọ. Òmíràn yóò sá fún irúgbìn náà bí ẹni sá fún májèlé. Òmíràn yóò rò pé ó ṣẹ́gun kòkòrò gbogbo, kò ní tọ́jú àká, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò yóò sì sọ ìkórè rẹ̀ di ìyẹ̀fun.

Àwọn kan ní èdè wa kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀.

Èrò wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tọ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kabba lọ, kí ó kọ àlàyé wọn sílẹ̀, kí ó sì kà á sétí àwọn àgbà Okun kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé wọn, kí a tún un sọ. A kò ní kí àgbẹ̀ gbà tàbí kí ó kọ̀; kí ó ṣáà mọ ohun tí ó ń gbìn.