Àgbọ̀nrín Tí Kò Délé: Lórí Ihò Inú Ìtàn àti Ìparí Tí Kò Parí

Ní ọjọ́ Ẹtì kan láìpẹ́ yìí, bí a ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kíláàsì SS2 tí mo ń kọ́ ní Yorùbá ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìwé àwòrán onítàn kan lọ́wọ́. Ìtàn ọkùnrin tí ń di ìkookò bí òṣùpá bá ti yọ ni. Ọmọ náà ti ka ìwé àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀; èyí tí ó mú wá jẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n yọ lára rẹ̀, tí wọ́n fi àbúrò ọkùnrin náà ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Inú ń bí i. Ó ní nínú ìwé àkọ́kọ́, òṣùpá nìkan ni ó lè sọ ènìyàn di ẹranko. Nínú èyí, àbúrò náà di ìkookò ní ọ̀sán gangan, kò sì sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀. Ó ní lójú ewé tí ó kẹ́yìn, ìkookò dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ni ìwé bá tán. "Mà, ṣé bí wọ́n ṣe ń parí ìtàn nìyí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó wù mí láti sọ fún un pé kí ó gbé ìwé òyìnbó náà jù sílẹ̀, kí ó wá ka ti Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí mo rántí pé ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan bi mí ní irú ìbéèrè yìí lórí Fágúnwà kan náà, èsì tí mo fún un kò sì dára.

Ẹni tí ó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, yóò rántí bí Àkàrà-Ògùn ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ó ní ọdẹ ni baba òun, àjẹ́ paraku sì ni ìyá òun. Obìnrin náà da ilé ọkọ rẹ̀ rú; ó pa orogún, ó pa ọmọ. Ní ọjọ́ kan, baba yìnbọn lu àgbọ̀nrín. Ìgbà tí yóò fi délé, ìyàwó rẹ̀ ni ó bá nílẹ̀, apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, apá kan jẹ́ ti ẹranko. Àgbọ̀nrín ni ìyá, ìyá ni àgbọ̀nrín. Ìkookò òyìnbó kò dé ẹ̀gbẹ́ èyí.

Ní 1949, ọdún 11 lẹ́yìn náà, Igbó Olódùmarè jáde. Ìwé ẹ̀ka ni òun náà. Ó padà sẹ́yìn, ó sọ ìtàn Olówó-Ayé, baba Àkàrà-Ògùn, nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́. A rí i bí ó ṣe kojú Èṣù-kékeré-òde, a sì rí i bí ó ṣe fẹ́ Àjẹ́díran nínú ìrìn àjò náà. Orúkọ obìnrin yìí nìkan tó láti ta òǹkàwé jí: àjẹ́ tí ó di ìran! Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin mi ti gbé ọwọ́ sókè. Ó ní: "Mà, ṣé Àjẹ́díran yìí ni baba yìnbọn lù nínú ìwé kìíní? Bí ó bá jẹ́ òun ni, ìgbà wo ni ìfẹ́ wọn bàjẹ́? Bí kì í bá ṣe òun, níbo ni ó wọlé sí?"

Mo dá a lóhùn pé: "Ta ni ìwọ, tí o fi ń wá àléébù Fágúnwà? Jókòó." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Títí ọdún náà fi parí, kò gbé ọwọ́ sókè mọ́. Nígbà tí ó sì tó àkókò láti yan àwọn iṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò àṣekágbá, Yorùbá kò sí lára tirẹ̀. N kò lè sọ pé ẹnu mi ni ó lé e lọ. N kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe òun.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe láti bá ìwé àwòrán jà. Àwa olùkọ́, àwa òǹkọ̀wé, àti àwọn tí ń ṣe sinimá Yorùbá ni mo ń bá wí. A ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi ihò sílẹ̀ nínú ìtàn, kí a sì máa fi àwáwí bò ó. Mo mọ àwáwí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

Àwáwí kìíní ni pé ìtàn iwin kò ní òfin. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ti lè di ẹranko, kí ni ó kù tí a ń bèèrè ìdí sí? Ẹni tí ó bá sọ báyìí ń bú àwọn baba wa ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ wo ìtàn obìnrin ẹfọ̀n, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn so mọ́ Ọya. Ọdẹ rí i tí ẹfọ̀n bọ́ awọ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó gba ọ̀nà ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà, ó fi pamọ́ sínú àká. Obìnrin náà gbà láti fẹ́ ẹ, bí kò bá ní sọ àṣírí òun fún ẹnikẹ́ni. Àwọn orogún fún ọkọ ní ọtí mu, ọtí tú u ní àṣírí. Wọ́n fi àṣírí náà bú obìnrin. Obìnrin rí awọ rẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó gbẹ̀san, ó dá àwọn ọmọ tirẹ̀ sí, ó fi ìwo sílẹ̀ fún wọn, ó sì wọ igbó lọ. Ẹ kà á wò. Kò sí ohun kan tí a mú wọ inú ìtàn yìí tí kò ṣiṣẹ́ kí ó tó parí. Bí kò bá sí awọ, ẹfọ̀n kò lè di ènìyàn. Bí a kò bá tú àṣírí, kò lè padà di ẹranko. Òfin ni èyí. Ẹni tí kò mọ̀wé ni ó ṣe é, ó sì le ju òfin àwa tí a lọ sí yunifásítì lọ.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ta ni kò mọ ìtàn Mọrèmi ní Ilé-Ifẹ̀? Àwọn Ìgbò tí ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú dàbí ará ọ̀run, gbogbo ìlú ń sá fún wọn. Mọrèmi jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, ó sì rí i pé ènìyàn ni wọ́n, pé ìko ni wọ́n wọ̀ sọ́rùn. Ìko ń jóná, nítorí náà ògùṣọ̀ ni oògùn wọn. Ìtàn náà kò sì dúró níbi ìṣẹ́gun. Mọrèmi ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì fi ọmọ rẹ̀, Olúorogbo, san án. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lónìí láàrin àwọn àgbà Ifẹ̀, tí ó sọ ìtàn yìí tí ó fo ẹ̀jẹ́ náà, wọn kò ní jẹ́ kí ó jókòó. Wọn yóò bi í pé: odò ńkọ́? Ìbéèrè ọmọbìnrin mi kò yàtọ̀ sí èyí: Àjẹ́díran ńkọ́?

Àwáwí kejì ni pé ìparí tí ó ṣí sílẹ̀ jẹ́ ọnà. Òtítọ́ wà nínú èyí, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Àlọ́ kan wà tí ọkùnrin mẹ́ta fi ohun ìyanu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gba ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ikú, tí apàlọ́ yóò sì bi àwọn ọmọdé pé ta ni ó yẹ kí ó fẹ́ ẹ. Kò dáhùn. Àwọn ọmọ ni yóò jiyàn rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé wọn. Bákan náà, nígbà tí Àkàrà-Ògùn sọ ìtàn rẹ̀ tán nínú Ògbójú Ọdẹ, ó pòórá. A kò mọ ibi tí ó lọ, inú wa sì dùn sí i bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti igbó iwin bọ̀ kò ní kúrò nílẹ̀ bí èrò ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé apàlọ́ fún wa ní gbogbo ohun tí a nílò láti fi jiyàn: a mọ ohun tí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ṣe. Nínú ihò, ohun tí a nílò gan-an ni kò sí. Bí ìparí bá ṣí sílẹ̀, òǹkàwé ń ronú lórí ẹ̀dá ìtàn, bí ihò bá wà, òǹkàwé ń ronú lórí òǹkọ̀wé, ó ń sọ pé, "Àbí ó gbàgbé ni?" Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ̀ ọ́n láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Àwáwí kẹta ni èyí tí ó ń bí mi nínú jù: "Apá kejì ń bọ̀." Láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì títí di ìgbà íntánẹ́ẹ̀tì, gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ olùṣe sinimá Yorùbá fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹwòran lójú. Wọn a ní àtìgbàdégbà ni, pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é. Irọ́ ni. Láàrin 1929 àti 1930, I. B. Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Àwọn ènìyàn ń rà á, wọ́n ń dúró dè é, ó sì ṣeé ṣe fún un láti máa fà á lọ títí ayé. Síbẹ̀ ó parí rẹ̀, ó sì di ìwé ní 1930. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ó fi orí rẹ̀ tì síbì kan.

Ẹ wo Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti sọ májẹ̀mú tí ó wà láàrin ìlù, adé àti ọba Jogbo fún wa. Nígbà tí ìlù dún ní ìparí, a mọ ìdí tí ọ̀ràn fi rí bẹ́ẹ̀. Agogo Èèwọ̀ tẹ̀ lé e ní 2002, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i kò pàdánù ìparí Ṣaworoidẹ. Apá kejì tí ó yẹ ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹ wá fi wé Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan. Fíìmù 2022 parí dáadáa: Sàró rí agbára ẹyẹ àkàlà gbà, ó ṣi í lò, ó dalẹ̀ obìnrin tí ó gbà á là, agbára lọ, òun náà lọ. Ikú yẹn ni ẹ̀kọ́ ìtàn. Nígbà tí eré àtìgbàdégbà tí a yọ lára rẹ̀ jáde ní 2024, Sàró tún padà sáyé. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣèré náà, èdè wọn sì dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n mo bèèrè: bí ẹni tí ìwà rẹ̀ pa bá lè dìde nítorí pé ọjà ń tà, kí ni ikú àkọ́kọ́ tún kọ́ wa?

Àwáwí kẹrin ni ti èmi fúnra mi: Fágúnwà jẹ́ àgbà, a kì í wá àléébù àgbà. Fágúnwà ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń gbádùn èdè yìí, n kò sì tíì rí ẹni tí ó tó o nínú ká fi ọ̀rọ̀ dárà. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn kan yóò ní ọmọ ni Àkàrà-Ògùn, pé ọmọ kì í mọ bí baba àti ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ra. Ṣùgbọ́n Àkàrà-Ògùn mọ ohun púpọ̀ tí baba rẹ̀ rí nínú igbó kí wọ́n tó bí i, ó sì sọ wọ́n láìfi ọ̀kan pamọ́. Bí ìfẹ́ inú igbó ṣe di ohun tí ó parí sí ẹnu ìbọn, ìwé kejì kò rìn dé ibẹ̀. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè. Nítorí náà, ọwọ́ àwa òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ kù sí. Bí a bá bèèrè, a kò bú u. Ìwé tí kò dára, ta ni yóò ṣe wàhálà láti bi í ní ohunkóhun?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni a ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń kọ àròkọ, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá gbọ́n lójú wa, a ó ní kí ó jókòó. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ wọn ní àhunpọ̀ ìtàn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn máa ka ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka orúkọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè mẹ́ta: Òfin wo ni ìtàn yìí fi lélẹ̀? Ṣé ó pa òfin náà mọ́? Gbèsè wo ni ó jẹ wá tí kò san? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè náà jókòó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Ọmọkùnrin onìkookò náà ti gba iṣẹ́ àṣetiléwá méjì lọ́wọ́ mi. Ní àkọ́kọ́, kí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyá ṣí ilẹ̀kùn. Ní èkejì, kí ó kọ orí ìwé tí ó sọnù láàrin ìgbéyàwó Olówó-Ayé àti ọjọ́ tí ìbọn dún, kí ó sì rí i pé gbogbo ohun tí ó bá kọ bá ìwé méjèèjì mu. Ó ti mú ojú ewé mẹ́fà wá. Ó le ju bí ó ti rò lọ, ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀, kò sì bínú sí ẹni tí ó kọ ìtàn ìkookò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ti ọmọbìnrin tí mo ní kí ó jókòó, yóò ti di ìyá ọmọ báyìí. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, pé n kò ní èsì rẹ̀ nígbà yẹn, pé n kò ní i títí di òní. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lójú gbogbo kíláàsì.