Ọ̀dà Olómi fún Ọmọ Wa: Bébà ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà

Nígbàkúùgbà tí ìsinmi ilé-ìwé bá ń súnmọ́ etílé, àwọn ìyá kan a máa bi mí léèrè irú ọ̀dà tí àwọn lè rà fún ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán, tí owó kò fi ní ṣòfò. Ọ̀dà olómi ni mo máa ń tọ́ka sí. Kò gba àyè nínú ilé kékeré, kò ní òórùn, omi lásán ni a sì fi ń fọ ohun èlò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rà á ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Àpótí ńlá tí àwọ̀ 36 tàbí 48 wà nínú rẹ̀ ni a sábà máa ń gbé wálé, nítorí pé ó dùn ún wò. Lẹ́yìn náà, a ó fa bébà ìtẹ̀wé tí ó wà nílé yọ, a ó ní kí ọmọ máa ṣeré. Bí omi bá ti kan bébà náà, yóò wú, yóò ká, ojú rẹ̀ yóò sì máa họ. Ọ̀dà yóò dá adágún sí ibi tí ó jìn. Ọmọ yóò sọ bùrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀, yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n ṣe, bàbá rẹ̀ yóò sì gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ bébà ni ó jẹ̀bi. Iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìdílé ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ iye ìgbà tí a ń sọ ohun tí ọmọ wa kò lè ṣe fún un ní ilẹ̀ àjèjì yìí. N kò fẹ́ kí bébà olówó pọ́ọ́kú fi tirẹ̀ kún un.

Nítorí náà, bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Bébà ìtẹ̀wé kì í sábà ju gíráàmù 80 lọ ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó. Èyí tí ó yẹ ọ̀dà olómi jẹ́ 300, àwọn ará Britain a sì máa kọ 140 lb sí i pẹ̀lú. Ojú rẹ̀ pín sí mẹ́ta: Hot Pressed ń dán, Rough rí gbákungbàkun, Cold Pressed wà láàrin. Ti àárín yìí ni kí ẹ mú. Ní Britain, NOT ni wọ́n ń kọ sí i lára, tí ó túmọ̀ sí pé wọn kò fi ooru tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń kìlọ̀ fún yín. Èyí tí a fi òwú ṣe ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyí tí a fi igi ṣe tó fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé abala kan sí mẹ́rin, kí ọmọ sì lo iwájú àti ẹ̀yìn.

Ní ti ọ̀dà fúnra rẹ̀, ẹ̀tù àwọ̀ tí a fi oje igi pò ni. Ilẹ̀ gbígbẹ bíi Sudan àti àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kó oje náà wá. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wà, ti ọ̀gá oníṣẹ́-ọnà sì wà. Ẹ̀tù àwọ̀ inú ti akẹ́kọ̀ọ́ kéré, owó rẹ̀ náà sì kéré. Àwọ̀ méje péré tó: ofeefee méjì, pupa méjì, búlúù méjì, àti Burnt Sienna. Ìdí tí a fi ń mú méjì-méjì ni pé pupa tí ó fara jọ ọsàn kì í bá búlúù mu kí ó di àlùkò tí ó mọ́. Ẹrẹ̀ ni yóò dà. Èyí tí ó fara jọ àlùkò ni yóò ṣe é. Bí ẹ bá rí Cadmium lára ọ̀dà, ẹ wò ó bóyá Hue tẹ̀lé e. Hue fi hàn pé èròjà mìíràn ni wọ́n lò. Èyí ni ó yẹ ọmọdé, nítorí pé cadmium gan-an ní oró, ọmọ a sì máa fi bùrọ́ọ̀ṣì sẹ́nu.

Burnt Sienna yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ má gbàgbé. Mo ti rí ju ẹyọ kan lọ nínú àwọn ọmọ wa tí ó kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ píǹkì, kì í ṣe pé kò mọ bí òun ti rí, bí kò ṣe pé èyí ni àpótí náà pè ní àwọ̀ ara. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1962 ni Crayola tó yí orúkọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ padà kúrò ní àwọ̀ ara. Ẹ fi Burnt Sienna àti búlúù tí wọ́n ń pè ní Ultramarine han ọmọ yín. Bí búlúù ti ń pọ̀ sí i ni àwọ̀ náà yóò máa ṣú, títí yóò fi dúdú bí kóró iṣin. Omi àti ofeefee díẹ̀ yóò sọ ọ́ di àwọ̀ àǹtí rẹ̀ tí ó pupa. Gbogbo ẹbí ni ó wà nínú àwo kan náà.

Ẹ má wá ọ̀dà funfun. Bébà ni funfun, bí ó ti rí nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ibi tí ẹ̀kọ bò ni aró kò dé. Ọmọ yóò fi ibi tí ó fẹ́ kó mọ́lẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ti ibi títàn bọ́ sí ibi ṣíṣú.

Bùrọ́ọ̀ṣì méjì tó, olórí róbótó, nọ́ńbà 8 àti nọ́ńbà 4, kí ó jẹ́ oníke. Bí olùtajà bá gbà, ẹ tì í bọ omi. Ó yẹ kí orí rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Ife omi méjì, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún pípò, àti àwo tánganran funfun láti ilé ìdáná. Ẹ má jẹ́ kí bùrọ́ọ̀ṣì sùn sínú ife, orí rẹ̀ yóò tẹ̀.

Bàbá tí ó bá ń kùn pé eré ni èyí, ẹ rán an létí Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882. Ó wá kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní London láàrin 1920 sí 1922, ó sì padà lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó.

Bí ọmọ bá parí, ẹ má bi í pé kí ni ó yà. Ẹ ní kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́, nítorí pé ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ a máa sọ̀rọ̀ nídìí àwòrán. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.