Ọjọ́ Kan Kò Tó Fi Díwọ̀n Ọmọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Mo fẹ́ràn òwe yìí, mo sì ti lò ó lójú ewé yìí rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù kan nílùú Adó-Èkìtì fún ọjọ́ mẹ́ta, ìwé lórí itan, bírò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé òwe náà ní ẹnìkejì tí a kì í sábà pè: pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ní Òkè-Ìlá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn olùkọ́ mẹ́ta mìíràn a máa kó àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ jọ kí wọ́n díje, kí wọ́n lè yan àwọn tí wọn yóò mú. Ó nílò ẹni tí yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí ojú tó ń wo bọ́ọ̀lù kò ráyè wo ìwé. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ tí o ka Yorùbá ní yunifásítì, wá bá mi kọ ọ́." Bí mo ṣe di akọ̀wé ẹlẹ́bọ́ọ̀lù nìyẹn.

Orúkọ ọmọ kankan kò sí nínú ìwé mi. Nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti àyè fún máàkì lórí ohun mẹ́rin. Èkíní ni bí ọmọ ṣe ń gba bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Èkejì ni bóyá ó ń gbójú sókè wo àyíká kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìsáré, kì í ṣe bó ti yára tó nìkan, bí kò ṣe ibi tó ń sáré lọ. Ẹ̀kẹrin ni ohun tó ń ṣe bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀: ṣé ó dúró tó ń kábàámọ̀, tàbí ó sáré lọ gbà á padà? Ẹ̀gbọ́n wa sọ fún mi pé, "Ẹsẹ̀ a máa tan ènìyàn jẹ. Ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí o máa fetí sí lẹ́nu mi."

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà 34 wọ pápá. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá alákàrà tó wà lójú ọ̀nà ilé wa ni. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ó fọwọ́ lé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Kọ ọ́ pé ó lọ́ra." Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń kọjá lọ sílé, ìyá ọmọ náà pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ fún ọmọ mi?" N kò tíì fèsì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní láti aago mẹ́rin ìdájí ni ọmọ náà ti bá òun lọ ẹ̀wà, tó bá òun pọnmi, tó sì sáré lọ sí pápá láìfẹnu kan nǹkan, nítorí ẹ̀rù ń bà á kó má pẹ́ jù. Ó tún ní ọkùnrin kan ti wá bá òun. Ọkùnrin náà ní bí wọn kò bá mú ọmọ náà ní Adó, òun yóò mú un lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Túrkì, bí owó físà bá ti lè yọ. Ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ló fẹ́ tà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o, ẹ̀rọ náà sì ni gbogbo ilé ń jẹ.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Bí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ojúsàájú kọ́ nìyẹn? Bí n kò bá sì sọ, irọ́ ha kọ́ ni ohun tí mo kọ, níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ̀ pé ebi ló lọ́ra, kì í ṣe ọmọ? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kò yí máàkì náà padà. Ó ní ohun tí ojú òun rí ni òun sọ. Ṣùgbọ́n ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà tuntun kan sí ẹ̀gbẹ́ àwọn mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sókè pé: "Kí ló fà á?" Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní kọ ọmọ kankan sílẹ̀ kí àyè ìlà náà tó kún.

Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló la ojú mi sí àwọn ọjọ́ ìbí tí mo ti ń dà kọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba máàkì ńlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mo rántí ohun kan tí mo ti kà. Ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá hockey lórí yìnyín, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Roger Barnsley, lọ wòran ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀, Paula, ló ń ka ìwé tí orúkọ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù náà wà nínú rẹ̀, tó sì ṣàkíyèsí pé oṣù Kìn-ín-ní, Kejì àti Kẹta ni wọ́n bí púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1985. Àlàyé rẹ̀ kò le. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí àwọn ọmọ níbẹ̀. Ẹni tí a bí ní oṣù Kìn-ín-ní fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan gbáko ju ẹni tí a bí ní oṣù Kejìlá, síbẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n kà wọ́n sí. Ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ọdún kan pọ̀. Ẹni tó ga jù ni wọ́n ń pè ní ọlọ́gbọ́n ẹsẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n bọ́ ọ, ó sì di ọlọ́gbọ́n ẹsẹ̀ ní tòótọ́.

Ẹ wá wo ọmọ tiwa, Victor Osimhen. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1998 ni wọ́n bí i ní Èkó. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ọdún tuntun wọlé. Nínú ìdíje ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ ní Chile ní ọdún 2015, àwọn tí a bí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998 ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa, nítorí náà ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan jù ú lọ lè dojú kọ ọ́. Síbẹ̀, góòlù mẹ́wàá ló gbá wọlé, Nàìjíríà sì gba ife náà nígbà karùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ó lọ sí Wolfsburg ní Jámánì ní ọdún 2017, kò sì gbá góòlù kankan wọlé nínú líìgì wọn. Ní ọdún 2018, ibà dá a dúbúlẹ̀, kò lè bá wọn ṣe ìgbaradì sáà tuntun. Ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀mù, Zulte Waregem àti Club Brugge, dán an wò nígbà náà, àwọn méjèèjì sì ní àwọn kò fẹ́. Charleroi ló wá yá a lò. Ogún góòlù ló gbá fún wọn ní sáà náà. Nígbà tó di ọdún 2023, ó ti gba ife líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli, góòlù 26 rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú líìgì náà, wọ́n sì fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Ara tí ibà ti sọ di aláìlágbára ni wọ́n rí nígbà ìdánwò yẹn, wọ́n sì rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ọmọ náà nìyẹn. Ká ní ìlà "Kí ló fà á?" wà nínú ìwé tiwọn ńkọ́?

Ní ọjọ́ kẹta, mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún nọ́ńbà 34. Mo ra fún àwọn tó jókòó tì í náà, kí ọ̀rọ̀ má baà di ojúsàájú. Ẹ̀gbọ́n wa gbé e sí àárín pápá. Bọ́ọ̀lù ṣì bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó sáré lọ gbà á padà, ó gbójú sókè, ó sì gbé e sí iwájú ẹnìkejì rẹ̀. "Mẹ́fà," ni ẹ̀gbọ́n wa wí. N kò ní parọ́ fún yín: wọn kò mú un mọ́ àwọn méjìdínlógún tí wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó máa wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó sì ń lọ títí di òní.

Ìròyìn yẹn ni mo mú lọ fún ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin onífísà. Òfin FIFA kò gba ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láàyè láti forúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀, bí àpẹẹrẹ, bí àwọn òbí rẹ̀ bá ti kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Òfin kan náà sì ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá fi ra agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Èyí ni pé ẹni tó mọṣẹ́, ọ̀la ọmọ ló ń wò, kì í ṣe àpò ìyá rẹ̀. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó nu ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì fi aṣọ bò ó. Kò tà á.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ewé yìí, bóyá bọ́ọ̀lù ni ọmọ yín fẹ́ dán wò, tàbí ìdánwò ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kó sùn, kó sì jẹun kó tó lọ. Ẹ má ṣe gé ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Láti ọdún 2009 tí ìdíje àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ wáyé ní orílẹ̀-èdè wa ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI yẹ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ wò, gbogbo àgbà ló sì mọ ibi tí irọ́ ń gbé ènìyàn dé. Bí wọ́n bá fún un ní mẹ́ta, ẹ má béèrè bí yóò ṣe di mẹ́wàá lọ́la. Ẹ béèrè ohun tó fà á. Ẹ má sì jẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù.

Ìbẹ̀rù pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń pín ọmọ ni oníjìbìtì fi ń rí wa mú. Pápá ìṣeré ńlá tó wà nílùú wa ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọ̀kan lára àwọn tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin ní Barcelona ní ọdún 1992. Gbogbo ọmọ tó ń kọjá níwájú rẹ̀ ló ń rò pé òun yóò wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀ ni yóò wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe jẹ́ ebi òwúrọ̀ kan tàbí oṣù tí a bí ọmọ ni yóò dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.